Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Wọ́n Gbà?

Méjìdínlógún! Mehvish ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún yí i wò lẹ́yìn, bóyá àlàyé kan wà níbẹ̀. Oṣù tó kọjá, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́wàá ni. Ohun kan wà tí jẹjẹrẹ ọmú máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni wọ́n ń wọ̀n fún Ammi, ìyá rẹ̀, nílé ìwòsàn ní Multan. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kí wọ́n máa jó. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà ti wọ Ammi léegun, kò sì lè dá dìde láti àná. Èwo wá ni kéèyàn gbà gbọ́?

"Inú rẹ ò dùn ni?" Khala Rafia, àbúrò Ammi, ló béèrè. Ó ń po ìyẹ̀fun rótì.

Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dá rúdurùdu yìí sílẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìgbéyàwó Mehvish ku ogójì ọjọ́. Bí àwọn àna bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ń ṣe ìyá ìyàwó, wọ́n á ní ìdílé wọn ló ti wá, ọmọ á kó o wọlé ọkọ. Ni wọ́n bá fi orúkọ Khala Rafia gba káàdì ilé ìwòsàn fún Ammi. Opó ni Rafia, kò lọ́mọbìnrin tó ń relé ọkọ, ta ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu? Oṣù méje gbáko ni Ammi, Zubeida gan-an lórúkọ rẹ̀, fi ń jẹ́ Rafia. Ẹ gbà mí o, irú ọgbọ́n wo nìyẹn!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwòsàn ní àwọn fẹ́ rí káàdì ìdánimọ̀ gidi, Khala sì gbé e wá fúnra rẹ̀ láti Bahawalpur. Mehvish fi òun àti Ammi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ tò síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn.

Ó tún wo orúkọ orí ìwé náà: Rafia.

"Khala, ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn?"

Khala fi ìyẹ̀fun sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì pe Rafia, mo dìde. Kí n tó la ẹnu, ó ti so mí lápá. Ṣé kí n ní èmi kọ́ ni, tí káàdì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá rẹ ń tòògbé nígbà yẹn."

"Ẹ sì dákẹ́ látọjọ́ yẹn!"

"Nígbà tó jí, òun ló ní kí n dákẹ́."

Mehvish sáré wọ yàrá. Ammi ò sùn.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ni Ammi wí. "Bí wọ́n bá pààrọ̀ oògùn, irun mi á re, àwọn èèyàn á máa béèrè. Jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó yìí ná."

Inú bí Mehvish, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n á máa fi wò yín? Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ẹ̀mí yín wá ọkọ fún mi? Bẹ́ ẹ bá kú, ta ni màá máa pè ní Ammi?"

Ammi fi etí ìborùn nu ojú ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹ́wọ́ fún Dókítà Bukhari tó ń tọ́jú Ammi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Háà, ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ̀ bá ti pa á!"

"Bí wọ́n bá gba tiẹ̀ gan-an, ṣé a máa mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́?" Mehvish béèrè.

"Nọ́ńbà náà lè gòkè torí pé oògùn ò ràn án. Oògùn mìíràn sì wà tó máa ń kọ́kọ́ mú un gòkè kó tó wálẹ̀, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. A ó ya àwòrán eegun mọ́ ọn."

Orí Mehvish tún dàrú. Ó ti kẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Èrò kún ibẹ̀, àfi bó ṣe rí àǹtí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó jókòó, tó ń fọwọ́ ra orúnkún. Obìnrin náà ti rí wọn.

"Orúkọ aláìsàn?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

Mehvish bojú wo àǹtí náà. Ammi ló gbórí sókè, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Zubeida," ó ní, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́. "Ìyá Mehvish ni mí."