Fíìmù Tí Esmat Gé

"Ẹ má sọ fíìmù yín nù o! Mo bẹ̀ yín ni!"

Nọ́ọ̀sì Parvin ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tó ní MS, àìsàn ọpọlọ tó ń rọ ni lápá rọ ni lẹ́sẹ̀, àti ẹbí wọn, nílé ìwòsàn kan ní ìlú Isfahan, ní Iran. Ó gbé àwòrán ọpọlọ méjì tí ẹ̀rọ MRI yà sójú iná. "Ẹ rí àwọn àmì funfun yìí? Ibi tí àìsàn ti jẹ ọpọlọ nìyẹn. Ara yín lè le kokoko kí òmíràn máa yọ níbẹ̀. Fíìmù kan ṣoṣo ò lè sọ bóyá àìsàn ń rìn, àfi ká gbé ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun."

"Màmá, ṣé ó ṣẹ́ kù nínú tiwa?" Golrokh, tó ní àìsàn náà, bi Esmat ìyá rẹ̀.

Esmat rántí ohun tó ṣe.

Lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn lọ́sàn-án gangan, gbogbo Isfahan ló gun òrùlé. Ta ni ò mọ̀ pé fíìmù ilé ìwòsàn la fi ń bojú wo irú oòrùn bẹ́ẹ̀? Àwọn aládùúgbò ní, "Ìyá Golrokh, ẹ má ṣahun!" Esmat ò sì ṣahun. Ẹsẹ̀ Golrokh tó kú tẹ́lẹ̀ ti sọjí, ẹbí kan sì ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn. Èwo ni ká tún tọ́jú àwòrán àìsàn sílé ìyàwó? Ó fi sísọ́ọ̀sì gé fíìmù ọpọlọ Golrokh wẹ́wẹ́, ó pín in bí ẹni pín sàárà. Golrokh alára gba tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ẹbí ọkọ ò yọjú mọ́.

Wọ́n wọlé tọ Dókítà Farahmand. Obìnrin náà ní, "Abẹ́rẹ́ tó ń dá àìsàn yìí dúró ò kárí, Ìyá. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá hàn pé ó ń rìn ni wọ́n ń fún. Fíìmù àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Mo gé e. A fi wo oòrùn."

Dókítà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ò ní ẹ̀dà lọ́dọ̀ yín ni?" Esmat bi í.

"A kì í tọ́jú ẹ̀dà, Ìyá. Ẹ̀yin la kó o fún."

Esmat bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò, ó ń wá àwọn ègé fíìmù náà. Ẹni yìí ti sọ tirẹ̀ nù, ọmọ tọ̀hún ti fà á ya. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló rí tirẹ̀, etí fíìmù lásán ni, dúdú kirikiri. Dókítà mi orí: àfi kí wọ́n fi fíìmù tòní ṣe àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa retí ọdún tó ń bọ̀.

"Bú mi, ọmọ mi," Esmat ń sunkún. "Bú mi kára lè tù mí!"

"Kí n bú yín kẹ̀? Ṣé èmi náà ò wò ó ni?" Golrokh nu ojú ìyá rẹ̀.

Àìsàn ò retí ẹnikẹ́ni. Kí ọdún tó yí po, ẹsẹ̀ Golrokh méjèèjì kọ̀ jálẹ̀, ọwọ́ ò lè gbé ife tíì dé ẹnu mọ́. Wọ́n ya fíìmù tuntun, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí. Àmì funfun ti kún ibẹ̀ bámú.

Dókítà Farahmand fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé àṣẹ abẹ́rẹ́ wá, ó ń yọ̀ bọ̀ lọ́nà. "Ẹ kú oríire! Ó ti hàn kedere báyìí pé ó ń rìn!"

"Màmá," Golrokh wí láti orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì í kiri, "ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Esmat fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà.