Ọ̀tà Tó Wà ní Láfẹ́nwá

Kò sí ẹni tí Mọ́ṣúdù bíríkìlà kò dágbére fún ní àdúgbò Kemta l'Abẹ́òkúta nígbà tó ń lọ sí Ọ̀tà. Ìyẹn gan-an ló kó bá a. Ká ní ó rọra lọ ni, ì bá rọra padà. Ṣùgbọ́n ó dúró síwájú àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí láràárọ̀ tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò pè wọ́n síṣẹ́, ó ní kí wọ́n máa ta ayò wọn lọ. Ó ní ní Ọ̀tà, iléeṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ lọ́tùn-ún lósì, ògiri ọgbà tó ya ló kù ní Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, Bọ́lárìnwá alága wọn ṣàdúà fún un. Ràhámátù ìyàwó rẹ̀ sunkún díẹ̀.

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wà ní Ọ̀tà. Àmọ́ gbogbo ayé ló ti gbọ́. Bíríkìlà pọ̀ níbẹ̀ ju búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹnjiníà Beatrice, tó ń gba èèyàn síṣẹ́, bi í pé, "Níbo lẹ ti wá?"

"Abẹ́òkúta, mà."

"Mo dúpẹ́ o. Gbogbo àwọn tó wà níbí ló ní àwọn ò lọ síbẹ̀, wọ́n ní kò síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ a ń kọ́ ilé ìtajà alájà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Láfẹ́nwá níbẹ̀, èèyàn ò tó wa. Ẹ wọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi wá bíríkìlà mẹ́wàá sí i."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Mọ́ṣúdù ti padà sí Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀kadà kan péré lè gbé e délé. Ojú tì í. Ṣé ẹni tí wọ́n ṣàdúà ìrìnàjò fún láàárọ̀ ni yóò tún wọlé wá jẹun alẹ́? Ó dúró sí ojú iṣẹ́. Ó ń sùn láàárín àpò símẹ́ńtì, ó ń fi aṣọ bojú bí ìyàwó tuntun. Bó bá pe Ràhámátù lórí fóònù, á ní Ọ̀tà tutù, omi ẹ̀rọ kì í dá ní Ọ̀tà. Irọ́ náà dùn débi pé Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀ sí í wu òun fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, Ràhámátù ní, "Bàbá Àmínù, ibi tó dáa tó báyìí, kò yẹ kẹ́ ẹ dá gbébẹ̀. Mò ń bọ̀ lọ́la. Àlímátù fẹ́ gba ìsọ̀ mi. Bí mo bá ti fẹ́ wọkọ̀ ni n óò fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Ó fẹ́ jẹ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ọdún méje ni Ràhámátù fi wá ìsọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, láti orí àjà kejì, ó rí wọn nínú gáréèjì nísàlẹ̀. Odó wà lórí Ràhámátù, Àmínù wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlímátù ti na ọwọ́. Ẹ̀rù ba Mọ́ṣúdù, ó gbàgbé aṣọ tó fi bojú.

"Ìyá Àmínù, má fún un ní kọ́kọ́rọ́ o!"

Gbogbo gáréèjì gbójú sókè. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú símẹ́ńtì lára. Ràhámátù wò ó tẹ̀ẹ̀ẹ̀.

"Ṣé Ọ̀tà nìyí?"

"Ọ̀tà ni wọ́n ti rán mi wá."

Ràhámátù ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ àpò, ó gbé odó náà lé ọkọ rẹ̀ lórí, ó ní kó máa lọ níwájú.

Àwọn bíríkìlà wà níbi ayò ní Kemta. Ràhámátù ti ròyìn Ọ̀tà fún gbogbo àdúgbò tẹ́lẹ̀.

"Káàbọ̀, ará Ọ̀tà," ni Bọ́lárìnwá wí. "Ṣé ibẹ̀ ṣì tutù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ ayò fi dà nù. Mọ́ṣúdù dúró kí wọ́n rín in tán.

"Iṣẹ́ wà ní Láfẹ́nwá," ló wí. "Ẹnjiníà ní kí n wá èèyàn mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè wá sọ fún yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bọ́lárìnwá dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí odó náà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e délé."

"Ẹ fi sílẹ̀ lórí wọn, alága," ni Ràhámátù wí. "Ọ̀tà ni wọ́n ṣì ti ń bọ̀."