Ọta Àgbá Lábẹ́ Ògiri Ilé-Ìwé

Ọdún kẹta rèé tí obìnrin kan ti wọ ilé ọkọ, ọdún kejì sì rèé tí òun àti bàbá ọkọ rẹ̀ kò ti sọ ọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." "Káàárọ̀, ìyàwó mi." Ó parí nìyẹn títí di alẹ́.

Ohun tó fà á kò ṣòroó sọ. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa wá ọta àgbá àti bọ́ǹbù tí ogun àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, kó sì mú wọn kúrò kí wọ́n tó pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Òun ni olórí ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ọ̀gá Sùúrù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ilé bá ń jó lẹ́yìn rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ ná. Bàbá ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń tún aago ṣe nínú yàrá iwájú ilé, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ ọ́n sí Bàbá Aláago. Obìnrin náà ti wọlé tán kó tó gbọ́ pé kí bàbá tó dé ìdí aago, ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọta àgbá.

Ìdí oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ní ọ̀sẹ̀ tí ọta kan gé ẹsẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbìn ín, èmi ni mò ń hú u." Bàbá bo oúnjẹ rẹ̀, ó padà sídìí aago. Ọkọ obìnrin náà bẹ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ bàbá rẹ̀, nígbà tó sú u, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, àwọn òṣìṣẹ́ omi ń gbẹ́ kòtò páìpù lẹ́yìn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ṣọ́bìrì ọ̀kan nínú wọn dún gbàǹgàn lára irin. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí i pé imú ọta ni, ó sì gbé ṣọ́bìrì náà sílẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti kó gbogbo ọmọ ilé-ìwé lọ sí pápá tó jìnnà, ikọ̀ Ọ̀gá Sùúrù sì ti ta okùn pupa yí ibẹ̀ ká.

Ó wọ aṣọ ìdáàbòbò rẹ̀, èyí tó máa ń mú kó dà bí ìbùsùn tó ń rìn, ó lọ wò ó. Ọta náà gùn tó apá àgbàlagbà. Imú rẹ̀ wà níta, ìdí rẹ̀ sì wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri lọ. Àwọn kọ́lékọ́lé ti mọ ilé-ìwé lé e lórí láìmọ̀. Ó wo imú náà dáadáa. Kò rí irú rẹ̀ rí, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fi ń dá ọta mọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọta tí wọ́n bá ti yìn, tí kò bú, ẹnikẹ́ni kì í gbé e. Ibi tó wà ni wọ́n máa ń dáná sí i, kó bú síbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, yàrá ìkàwé mẹ́rin yóò wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kàn gbàgbé sílẹ̀ láìyìn ín, a jẹ́ pé ìdènà inú rẹ̀ ṣì wà ní títì, ọ̀nà sì wà láti mú un kúrò.

Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ń dúró dè é lẹ́yìn okùn pupa.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọdún mọ́kànlá la fi kọ́ ọmọ lábẹ́ páànù kí ilé yìí tó dúró. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí o tìtorí bíríkì fi ẹ̀mí ara rẹ wewu. Ohun tí o bá ní ká ṣe la máa ṣe."

"Ẹ fún mi di ọ̀la, mà."

Àmì kékeré kan wà lára imú ọta náà, ìràwọ̀ kan nínú òrùka. Ọ̀gá Sùúrù mọ ibi tó ti rí i. Ó wà lára àpótí irinṣẹ́ tí bàbá ọkọ rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ sílé.

Bàbá jókòó sídìí tábìlì, ó fi awò kékeré há ojú kan.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ìyàwó mi."

Kò kọjá lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó na fóònù sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mú gíláàsì ńlá. Ó wo àwòrán náà títí. "Níbo ló wà?"

"Abẹ́ ògiri ilé-ìwé."

Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì. "Yàrá ìdènà ni mo ti ṣiṣẹ́," ó ní. "Nínú imú ọta yìí, abẹ́rẹ́ wà lápá kan, ẹ̀tù kékeré wà lápá kejì, irin pẹlẹbẹ kan sì dúró sí àárín wọn bí ìyá tó ń la ọmọ méjì níjà. Irin yẹn ni ìdènà, sípíríǹgì ló sì dì í mú. Kí irin yẹn tó kúrò lọ́nà, ọta gbọ́dọ̀ yí bí òkòtó, bó ṣe máa ń yí nígbà tó bá ń jáde lẹ́nu àgbá. Nígbà náà ni yíyí yẹn á fa irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Bó bá já bọ́ ńkọ́? Bí wọ́n bá da bíríkì lé e lórí?"

"Orí òrùlé ilé alájà mẹ́ta la ti ń ju imú wọn sílẹ̀, láti dán wọn wò. Bí ẹyọ kan bá ṣí, gbogbo èyí tí a ṣe pọ̀ mọ́ ọn la máa tú palẹ̀." Ó nu gíláàsì rẹ̀. "Òrùka bàbà kan wà nítòsí ìdí rẹ̀. Inú àgbá ní ilà tó lọ́ bíi ti súkúrúù, ilà yẹn ló ń mú ọta yí. Ọta tí wọ́n bá ti yìn, ilà á ti gé ara bàbà rẹ̀. Ọdún ò lè pa á rẹ́."

"Mo mọ ti bàbà, Bàbá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá irú èyí ní nǹkan mìíràn nínú tó lè ṣí fúnra rẹ̀, láìyí."

"Kò ní. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń tò ó."

Àwọn aago ara ògiri ń dún, kò sí méjì tí ohùn wọn bára mu.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́sí, òótọ́ ni," Bàbá ní. "Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìdènà lèmi ń ṣe, pé èmi ni mi ò jẹ́ kó pa àwọn tó ń gbé e. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ń yìn ín lù, ìdènà wo ni mo ṣe fún wọn? Ìgbà tí mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún ni."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà bàbá lábẹ́ tábìlì, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Ẹ wọ̀ ọ́, Bàbá. Ẹ máa bá mi lọ."

Lẹ́yìn okùn pupa, wọ́n mú àga kan wá fún Bàbá láti kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Wọ́n fi rédíò ìbánisọ̀rọ̀ sí i lọ́wọ́, ó dì í mú bí ẹyin.

Ọ̀gá Sùúrù dá lọ. Ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré àti búrọ́ọ̀ṣì kó erùpẹ̀ kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Òógùn ń wọ ojú rẹ̀, kò lè nù ún. Ọ̀sán ti rọ̀ kó tó rí àyè ti dígí kékeré kan àti iná tọ́ọ̀ṣì wọlé.

"Bàbá, mo rí òrùka náà."

"Kí lo rí lára rẹ̀? Sọ èyí tí o rí fún mi o, má sọ èyí tí o fẹ́ rí."

"Ó dán. Kò sí ilà. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni mo lè rí."

"Ìdajì ò tó. Wo èyí tó kù."

Ìyẹn gbà á ní wákàtí kan gbáko. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti le bí igi nígbà tó tún sọ̀rọ̀. "Mo ti wò ó yíká. Kò sí ilà kankan."

Ó tún tẹ rédíò. "Bàbá?"

"Mo wà ńbí." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Wọn ò yìn ín rí. Títì ló ṣì wà. Àmọ́ irin ti darúgbó, ìyàwó mi, èmi náà ti darúgbó. Má gbà wá gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

Ọ̀gá Sùúrù rẹ́rìn-ín sínú eruku. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi igi gbé ògiri náà dúró, wọ́n to àpò iyanrìn jọ, wọ́n sì fi okùn gígùn fa ọta náà jáde láti ọ̀nà jíjìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa òwú lójú abẹ́rẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí tó kún fún iyanrìn, wọ́n gbé e lọ sí kòtò ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti dáná sí i. Gbogbo ìlú gbọ́ ìró rẹ̀. Ilé-ìwé ò ní ju ìlà sísán kan lọ lára ògiri, bíríkìlà kan sì fi sìmẹ́ǹtì dí i kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ padà sí kíláàsì, inú àwọn kan bà jẹ́ pé ìsinmi ti tán.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá Aláago ti ń tẹ̀ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ń ya gbogbo irú imú ọta tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ó ń kọ ohun tó ń tì í àti ohun tó ń ṣí i sábẹ́ àwòrán. Bí kò bá rántí, ó máa ń kọ "mi ò rántí" gàdàgbà síbẹ̀. Obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ikọ̀ tó kù. Wọ́n máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀, wọ́n máa ń jẹun pọ̀ lórí tábìlì kan náà. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn méjèèjì ti wá ń pariwo jù nínú ilé.

Wọ́n ti dé ojú ìwé ogójì nígbà tí olórí ikọ̀ kan láti ìlú mìíràn pè. Wọ́n ti rí ọta méjì nínú oko, kò sì dá wọn lójú irú èyí tí wọ́n jẹ́.

"Ẹ má tíì fọwọ́ kàn wọ́n," Ọ̀gá Sùúrù ní. "Ẹni tó mọ̀ wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níhìn-ín. Bàbá mi ni." Ó sì gbé fóònù fún arúgbó náà.