Ìró Igi Orrin

Lyle Haskett fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ lu pátákó tó wà níwájú rẹ̀ nílé iṣẹ́ rédíò, ó ró kọ́, ó sì kígbe sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé bọ́ọ̀lù ti fò kọjá orí gbogbo wọn. Jákèjádò ìlú Kedron, àwọn tó ń gbọ́ rédíò pàtẹ́wọ́. Ìlú tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù náà ní tòótọ́ tó ìrìn ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Ohun tí ẹ̀rọ wáyà bá mú wá láti ibẹ̀, Bàbá Pruitt á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, á tì í sí Lyle. Yòókù, ẹnu Lyle àti igi rẹ̀ ló ń ṣe é.

"Ẹni tó kàn," ó ní, "Orrin Teague."

Bàbá Pruitt mí kanlẹ̀. Bí Orrin bá gbá bọ́ọ̀lù, Lyle kì í lu pátákó bó ṣe ń lù ú fún àwọn yòókù. Á kàn fi igi tọ́ ọ, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn. Ọdún kẹsàn-án rèé tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ Orrin nínú ìdíje tí Lyle ti ju bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, tí wọ́n fi pàdánù, kí apá Lyle tó bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Orrin wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Lyle tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Kò tíì rẹ̀ ọ́ ni?" Bàbá Pruitt ti bi í rí.

"Ìbínú tèmi ni, bàbá. Ẹ jẹ́ n máa gbé e."

Wáyà dún. Bàbá Pruitt kọ̀wé, àmọ́ kò tì í. Lyle já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. *Bọ́ọ̀lù ba Teague lórí. Ó ṣubú. Kò mira.*

Òpópónà kejì ni ìyá Orrin ń gbé, rédíò rẹ̀ kì í kúrò lójú fèrèsé. Lyle mọ fèrèsé náà. Òun àti Orrin ti jọ jẹ páì níbẹ̀ àìmọye ìgbà.

Bí wáyà bá já, àwọn oníṣẹ́ yìí máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù yà sẹ́yìn, kò kà, kí wọ́n lè fi dúró de ìròyìn. Lọ́sàn-án yẹn, wáyà kò já. Lyle gbé igi sókè.

"Ó gbá a, ó yà sẹ́yìn. Wọ́n á tún un jù."

Ó lù ú kíkankíkan. Ó tún lù ú. Ó fọwọ́ bo ẹ̀rọ.

"Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti dìde."

"Mo ti bi wọ́n, Lyle."

"Ẹ tún bi wọ́n." Ó mú ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ̀yin ará, Orrin ò gbà fún wọn lónìí o. Mi ò rí ẹni tó dúró báyìí rí."

Lẹ́ẹ̀kẹjọ, igi náà sán. Bàbá Pruitt rọra gbé ìwé kan síwájú rẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. *Teague ti kú.*

Lyle ka ìwé náà, ó sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ìyá Orrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò yín. Mo ń bọ̀ nílé yín."

Ó fi Bàbá Pruitt sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó jáde láìdé fìlà. Kó tó kan ilẹ̀kùn, ìyá arúgbó náà ti ṣí i. Ó wo ojú Lyle, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ka ìró igi Orrin," ó ní. "Tòní ró, Lyle. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ, tòní nìkan ló ró."

Lyle wo ọwọ́ ara rẹ̀. Igi tó sán náà ṣì wà níbẹ̀.