Awọ Ara Fàdákà Ilé Uhlig

Igún ṣoore, igún pá lórí. Àkàlà ṣoore, àkàlà yọ gẹ̀gẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ rere ba tiwa jẹ́.

Nígbà tí ọba ṣì ń jẹ ní ìlú wa létí odò Saale, baba ńlá ọkọ Irmtraud Uhlig kọ ìwé nípa oyin, yunifásítì sì rọ owó fàdákà kan láti fi yẹ́ ẹ sí. Fàdákà olójú ọba, ẹ̀yẹ ọ̀mọ̀wé, kékeré lọ́wọ́, ńlá lórúkọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Irmtraud àti Gerhart ọkọ rẹ̀ bí. Nígbà tí Gerhart ń kú lọ, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé fàdákà náà sínú àpótí gíláàsì ní yunifásítì, kí orúkọ Uhlig má bàa parẹ́. Dókítà Riemann, tó ń ṣọ́ àwọn ohun àtijọ́ ibẹ̀, ní òun á wá mu kọfí ní Sátidé, òun á sì gbé e lọ.

A mọ bí a ṣe ń retí àlejò níbí. Irmtraud fọ fèrèsé, ó fọ kọ́tìnnì, ó gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Swantje, ọmọ rẹ̀, ní, "Mọ́mì, ó ku kí ẹ fọ Dókítà."

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ná."

Ó fi ìpara nu àwọn ṣíbí fàdákà títí wọ́n fi dán. Ìpara ṣẹ́kù lára àkísà, ló bá mú owó fàdákà Gerhart, ó nu òun náà títí ó fi ń kọ mọ̀nà.

Dókítà dé, ó jẹ kéèkì ápù, ó gbé páálí pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fàdákà sórí tábìlì, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ̀bùn ilé Uhlig, ní ìrántí Gerhart." Ó wá gbé fàdákà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ta ló fọ̀ ọ́, mà?"

"Èmi ni. Ó ti dúdú jù."

"Awọ rẹ̀ ni dúdú yẹn, mà. Ọjọ́ pípẹ́ ló fi hù ú. Ẹ ti bó o."

"Kò lè hù padà?"

"Kì í ṣe lójú èmi àtẹ̀yin. A sì ti ní ọ̀kan tí wọ́n bó báyìí. Èyí tí awọ rẹ̀ pé là ń wá."

Irmtraud ní ó dáa. Ó bu kọfí kún ife àlejò. Swantje gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn. Lára Irmtraud, ó dà bí ẹni pé ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni.

Dókítà dìde, ó na ọwọ́ sí páálí náà.

Irmtraud ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."