Ìparí Fíìmù Tí Ìyá Ràhmán Gbé Ti Ògbómọ̀ṣọ́ Bọ̀

Ẹnu Tàwàkálítù, ìyá Ràhmán, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ bí fíìmù Àpótí Rọ́lákẹ́ ṣe parí. Ọdún kejì tí ogun dé ni. Àwa obìnrin mọ́kànlá jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá wọn ní N'Gattakro, àdúgbò wa ní Bouaké, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, eruku ọ̀nà ṣì wà lára ìborùn wọn. Kò sẹ́ni tó kí wọn dáadáa. A kò tilẹ̀ béèrè ara ìyá wọn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ sílé. Ohun tí gbogbo wa ń béèrè ni pé, "Rọ́lákẹ́ ńkọ́? Ṣé ó sun àwọn lẹ́tà náà?"

Ẹni tí kò bá gbé Bouaké nígbà náà lè rò pé orí wa kò pé. Kí ogun tó dé, Sàbítù ló ń ta àwo fíìmù fún àwa Yorùbá ìlú yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ilé adìyẹ lọ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ta bàsíà àti ìkòkò. Tí àwo bá ń fò, á fẹ́ èémí sí i, á fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, á ní, "Ó ti dáa. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án." Tẹlifíṣọ̀n Ìyá Ràhmán ni a fi ń wò ó. Àwọn obìnrin Baoulé àti Dioula àdúgbò wa máa ń wá, èmi ni mo sì máa ń túmọ̀ fún wọn. Tí mo bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á gbá mi nítan, wọ́n á fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá pè mí: "Anago, kí ló wí? Kí ló wí?" Títí dòní, tí mo bá ń wo fíìmù, itan mi ṣì ń retí ọwọ́ yẹn.

Apá kìíní Àpótí Rọ́lákẹ́ ni àwo tó dé kẹ́yìn kí ọ̀nà tó dí. Rọ́lákẹ́ kò mọ̀wé. Ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun, ó ń kọ lẹ́tà sí i, àbúrò ọkọ ló sì ń bá a kà á. Irọ́ ni ọmọkùnrin náà ń kà sí i létí: ọkọ rẹ ti fẹ́ òyìnbó, ọkọ rẹ ní kí o kó jáde nílé òun. Rọ́lákẹ́ ń kó àwọn lẹ́tà náà sínú àpótí kan. Níkẹyìn ó gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣá iṣáná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí a máa retí apá kejì. A retí. Ogun ló dé.

Nígbà tí Ìyá Ràhmán wá rí ọ̀nà lọ sílé, tí wọ́n gba Burkina yí ká, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa rán wọn. Wọ́n dé, wọ́n mu omi, wọ́n ní:

"Rọ́lákẹ́ kò sun ún. Iṣáná kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lọ bá àwọn ọmọdé jókòó nílé ìwé. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín títí, kò dá wọn lóhùn. Ní ọdún kejì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí àpótí, ó fúnra rẹ̀ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Àwo rẹ̀ dà?" Sàbítù, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàrin wa, bi wọ́n.

"Ṣọ́jà gbà á lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà."

Kò sẹ́ni tó tún béèrè ohunkóhun. Ìyá Ràhmán kì í ṣe ẹni tí à ń bi ní ẹlẹ́rìí. Tí obìnrin méjì bá jà lọ́jà, ohun tí Ìyá Ràhmán bá ní àwọn rí ni ìjà yóò parí sí.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Sàbítù kò ta àwo mọ́, fóònù ló ń tún ṣe. Orí ibùsùn ni kálukú ti ń dá wo fíìmù tirẹ̀, pẹ̀lú okùn létí, kò sẹ́ni tó ń gbá ẹnikẹ́ni nítan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ọdún, a máa ń pàdé nínú àgbàlá Ìyá Ràhmán, a ó sì jiyàn lórí fíìmù tó já wa kulẹ̀ jù lọ lọ́dún náà. Ẹni tó bá mú fíìmù náà wá fún àwọn yòókù ni yóò ra atiékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú yìí, tí yóò sì dín ẹja fún gbogbo wa.

Ní ọdún tó kọjá yìí, a kò ju mẹ́rin lọ. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ti padà sílé. Ó ku èmi, Ìyá Ràhmán, Sàbítù, àti Jọkẹ́, onídìrí kan tó ti Nàìjíríà dé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìgbà ìkẹyìn Ìyá Ràhmán sì ni. Ràhmán ọmọ wọn ti ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ wọn yóò gbéra. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n lò níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń tẹ́ ẹní, wọ́n sọ fún mi pé:

"Ìyá Qoreebah, n kò rí ilé kọ́, n kò rí ilẹ̀ rà. Orúkọ mi nìkan ni mo fẹ́ gbé lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rí ọ̀rọ̀ burúkú sọ lẹ́yìn mi."

Mo ní àmín.

Jọkẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. "Èyí tí Bàbá Sàbítù fi ránṣẹ́ sí wa lóṣù kẹfà ni tèmi. Wọ́n yìnbọn lu ọkùnrin láyà, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ sọ̀rọ̀ kó tó kú. Mo wo aago o!"

"Tó bá lọ́rọ̀ lẹ́nu ńkọ́?" Sàbítù ní. "Ṣé kó gbé e lọ sọ́run ni?"

"Ó tilẹ̀ pín ogún!"

"Kò burú. Ìwọ tí o fún wa ní èyí tí obìnrin fi wákàtí méjì jìyà, tó wá ta jí, tó ní àlá ni òun ń lá. Ta ni kó dá àkókò mi padà?"

Èmi dárúkọ fíìmù ayé àtijọ́ kan, èyí tí olorì ti wọ aṣọ òfì, tó kun èékánná ní pupa, tó sì so aago mọ́ ọwọ́.

"Aago náà kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́," Ìyá Ràhmán ní. "Mo wò ó dáadáa. Aago mẹ́ta ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Jọkẹ́. Ó pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú àgbàlá yẹn. Lẹ́yìn náà ni Jọkẹ́ gbé fóònù rẹ̀, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Ó ku ọ̀kan," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń sọ ọ́ fún mi. Àpótí Rọ́lákẹ́, apá kejì!"

"Èyí tó ti lé ní ogún ọdún?" Sàbítù ní. "Kò sí nínú ìjiyàn."

"Ọdún yìí ni ẹni tó ni ín gbé e sórí YouTube. Ti ọdún yìí ni."

Inú mi dùn, mo sún ìjókòó mi síwájú bí ọmọdé. N kò wo ojú Ìyá Ràhmán rárá.

Rọ́lákẹ́ ju iṣáná náà sílẹ̀. Àpótí gbiná. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, gbogbo lẹ́tà ti jóná lójú wa. Lẹ́yìn náà ó sunkún fún bí wákàtí kan. Ọkọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, àbúrò ọkọ ṣàdédé ya wèrè, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjà, gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n ṣàdúrà, ó parí. Rọ́lákẹ́ kò fojú kan ilé ìwé.

Sàbítù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá Ràhmán! Ilé ìwé dà? Àwọn ọmọdé tó ń fi í ṣẹ̀sín dà? Ṣọ́jà wo ló wá gba àwo lọ́wọ́ yín?"

Ilẹ̀ ni Ìyá Ràhmán ń wò. "Kò sí ṣọ́jà kankan," wọ́n ní. "Mo wò ó nílé. Orí ààtàn ni mo jù ú sí."

"Kí ló dé?"

"Ó já mi kulẹ̀ ni. Ibodè mẹ́rin ni mo máa kọjá kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo wá rò ó pé, ṣé èyí náà ni mo máa rù bọ̀ wá fún àwọn tí kò tíì rí ohun gidi kan láti ìgbà tí ogun ti dé? Inú ọkọ̀ ni mo ti ń to tèmi, láti ibodè kan dé ìkejì."

"Ó tán!" Sàbítù pàtẹ́wọ́. "Ìjákulẹ̀ ọdún yìí kì í ṣe fíìmù, Ìyá Ràhmán ni! Ẹ̀yin tí à ń fi ọ̀rọ̀ yín parí ìjà! Ta ló mọ iye ẹni tí a dá lẹ́bi tí kò jẹ̀bi? Gbogbo ọjà ni mo máa sọ ọ́ fún lọ́la."

Àwàdà ló ń ṣe, ó ń sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ Ìyá Ràhmán tó ń wá ìborùn kiri lórí ẹní, ìborùn náà sì wà lọ́rùn wọn. Mo mọ̀ pé tí mo bá dákẹ́, ohun tí wọn yóò gbé lọ sílé nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ní láti sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, lójú ẹni tó kàn gan-an.

"Sàbítù," mo ní, "ǹjẹ́ o rántí 'oorun kì í kùn mí'?"

Ẹ̀rín dúró lẹ́nu rẹ̀.

Jọkẹ́ ni mo yíjú sí, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Mo sọ fún un pé ogun ká Ọlásúnkànmí ọkọ mi mọ́ Abidjan. Ẹni tó bá rí ọ̀nà gbà ló máa ń fi lẹ́tà rán sí mi. Yorùbá ló ń kọ, n kò sì mọ̀ ọ́n kà. Sàbítù ló ń bá mi kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lójú àwọn ọkùnrin tó ń mu tíì. Nínú lẹ́tà kan ọkọ mi kọ ọ́ pé, "Àyọ̀ká mi, láti ìgbà tí n kò ti gbọ́ ohùn rẹ, oorun kì í kùn mí." Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, ibi gbogbo tí mo bá gbà lọ́jà ni wọ́n ti ń kígbe sí mi: "Àyọ̀ká, oorun kì í kùn mí o!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé kó má kọ̀wé sí mi mọ́.

"Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Ràhmán ti ilé dé," mo ní. "Wọ́n ní àwọn ọmọdé fi Rọ́lákẹ́ ṣẹ̀sín, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo ti wà ní kíláàsì àwọn àgbà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Bí mo ṣe ń di ọmọrogùn mú ni mo ṣe di kálámù mú. Mo tún ránṣẹ́ pé kó máa kọ̀wé. Kó tó kú sí Abidjan, lẹ́tà mẹ́rin ni mo fi ojú ara mi kà. Ká ní èyí tí a wò tán yìí ni wọ́n gbé wá fún mi, ǹ bá sun tèmi náà."

Ọṣẹ ni wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n. Jọkẹ́ pa á.

"Ìyá Qoreebah," Sàbítù ní, "ẹ ò sọ fún mi rí."

"O ò bi mí."

"Mo rò pé ẹ ń bá wa rẹ́rìn-ín ni."

"Mo bá yín rẹ́rìn-ín lóòótọ́."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Lẹ́yìn náà ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Ràhmán, pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó ń dùn ún. "Ẹ forí jì mí. Fíìmù yẹn ni mo dìbò fún."

"Èmi náà," mo ní.

"Ẹ dúró ná!" Jọkẹ́ fò dìde. "Ìyẹn ni pé èmi ni mo máa dín ẹja?"

"Ìwọ lo mú un wá," Sàbítù ní láti ilẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ kúkú mọ ìyànjẹ o!"

Ìyá Ràhmán kò tíì rẹ́rìn-ín. "Irọ́ ṣáà ni mo pa," wọ́n ní.

"Irọ́ ni," mo dá wọn lóhùn. "Òun ni mo fi mọ̀wé."

Ní ọjọ́ Ajé, Sàbítù sọ ọ́ fún ọjà lóòótọ́. N kò mọ bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, àgbàlá Ìyá Ràhmán ti kún fún obìnrin. Àwọn kan tilẹ̀ ti ìlú Brobo wá. Àwọn tó ti dàgbà nínú wọn ní kí Ìyá Ràhmán tún sọ ìparí fíìmù náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nígbà ogun, wọ́n sì sọ ọ́, wọn kò yọ ohun kan kúrò nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun èmi ni mo gbé báàgì wọn dé ibùdókọ̀. A dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, àwọn èrò ń tì wá.

"Lẹ́tà mẹ́rin lo sọ?" wọ́n bi mí.

"Mẹ́rin ni."

"Kí ló kọ sínú èyí tó kẹ́yìn?"

Mo wo àwọn èèyàn tó yí wa ká. "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò lè sọ ọ́ níbí."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó mú kí dẹ́rẹ́bà yíjú wo wá. "Ó dáa," wọ́n ní. "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n gòkè, wọ́n sì ń rìn lọ sí ìjókòó wọn láìwẹ̀yìn.