Àpò Qasim

Ọdún mẹ́ta ni èmi àti Qasim ti ń yodì. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo àwa tó ń gbé àpò ní pápá gọ́ọ̀fù, nígbà tí mo gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀meje nínú kòtò iyanrìn tí kò jáde. Láti ìgbà náà, mo máa ń sá fún kòtò iyanrìn.

Lánàá, níbi ìdíje àwa tó ń gbé àpò, bọ́ọ̀lù mi tún já sí kòtò náà. Mo gbá a, ó yí padà wá sẹ́sẹ̀ mi. Bí mo bá tún gbá a tí kò jáde, ife ìdíje ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Etí kòtò ga dé àyà mi.

Qasim dúró lókè. Nítorí pé a ń yodì, kò lè bá mi sọ̀rọ̀, ló bá kọjú sí àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ̀.

"Àpò mi, wo alágídí! Wàláì, bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Iyanrìn ni kó gbá, ìka méjì lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kó má sì dá ọwọ́ dúró."

Mo fi ojú wọn ìka méjì lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà, mo gbá iyanrìn.

Bọ́ọ̀lù fò jáde, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ihò.

Mo gòkè, mo fọwọ́ kan àpò Qasim.

"Àpò, o ṣeun. Sọ fún ẹni tó ni ọ́ pé mi ò tíì dárí jì í."